Awólọ́wọ̀ Kọ́ Ló Ṣí Ilé Kòkó

ÌBÉÈRÈ: Olótùú, ẹ kú iṣẹ́. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan tó dá lórí ìgbésí ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n fi Olóyè hàn níbi tó ti ń gé rìbọ́ọ̀nù láti ṣí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Bàbá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló tọ̀nà? Òǹkàwé yín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Bàbá yín ló tọ̀nà. Ọdún 1965 ni wọ́n parí Ilé Kòkó, nígbà tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́wọ̀n tí ilé ẹjọ́ rán an lọ ní 1963; oṣù Kẹjọ 1966 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní Kàlàbá.

Òǹkọ̀wé eré lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya sọ nínú yàrá, nítorí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ohun tó ṣojú gbogbo ìlú padà. Ó dùn mí, nítorí òtítọ́ gan-an tó wọn-ín ṣe eré: ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, tàbí October 31, 1959, tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí n'Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe eré náà, kí wọ́n lè tún un ṣe kí wọ́n tó tún gbé e sáfẹ́fẹ́.