Ẹ má tíì fọ mẹ́dà bàbá àgbà yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní ẹ bá ìràwọ̀ idẹ kan nínú àpótí bàbá àgbà yín ní Sábó Zaria, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lẹ́yìn ọgbà náà sì tún hú owó onírin mélòó kan jáde, pẹ̀lú nǹkan kan tó jọ ọta ìbọn. Ẹ wá ń béèrè bóyá ọsàn àti iyọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, tàbí Brasso. Mo ti fi ọsàn fọ ti tèmi rí, ojú mi sì rí i.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ní Panteka, níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, mo rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí òṣùwọ̀n baban bola kan, ìyẹn àwọn tó ń ra irin àlòkù, láàárín ẹnu ẹ̀rọ omi àti kọ́kọ́rọ́ tó ti kán. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi kò tó owó súyà. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyá mi ní ṣebí idẹ ni, bí wọ́n ṣe ń fọ àwo idẹ nílé àwọn náà ni kí n ṣe é: ọsàn, iyọ̀, eérú díẹ̀. Mo gbá a mú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á. Ó tàn yanran! Mo gbé e kọ́ ògiri pálọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò jọ idẹ mọ́. Bàbà àti síńkì ni wọ́n máa ń pò pọ̀ di idẹ. Ọsàn ti jẹ síńkì ojú rẹ̀ lọ, ó ku bàbà. Nígbà tí òjò dé, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára. Mo nù ún, ó tún yọ. Iyọ̀ tó ti wọnú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, á tún máa jẹ ẹ́ lọ. Mo gbé e lọ fún àgbàlagbà kan tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Ó fi èékánná tọ́ adé tó wà lókè rẹ̀, tí eérú ti ha títí tí kò fi ní igun mọ́, ó sì dá a padà sí mi lọ́wọ́ láì sọ nǹkan kan.

Brasso kò yàtọ̀ sí eérú. Ohun tó ń ha nǹkan ló wà nínú rẹ̀, ó wà fún bàtìnì àti bẹ́líìtì sójà tí wọ́n ń dán lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ìràwọ̀ náà bá ní igun mẹ́fà, tí wọ́n kọ THE BURMA STAR yí àárín rẹ̀ ká, tí adé wà lórí lẹ́tà GRI, ti ogun Hítílà ni, fún àwọn tó jà ní Burma láàárín 1941 sí 1945. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́ lásán, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára mẹ́dà ogun yẹn fún àwọn sójà wọn, láìdà bíi ti ogun 1914 tí orúkọ àti nọ́ńbà máa ń wà létí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sójà tàbí fọ́tò tó bá wà nínú àpótí yẹn fi ju mẹ́dà náà lọ lójú mi. Láìsí wọn, ìràwọ̀ lásán ni, kò sí ohun tó so ó mọ́ bàbá yín. Ẹ tún tú ìdí àpótí wò dáadáa, torí ẹni tó bá gba ti Burma á gba mìíràn mọ́ ọn. War Medal wà lára wọn, ó rí bíi fàdákà, kìnnìún sì dúró lórí ẹranko olórí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe fàdákà o, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ má fi fáìlì họ ọ́ wò.

Ríbọ́ọ̀nù ti Burma, pupa ló wà láàárín, búlúù dúdú lápá méjèèjì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn kan nínú búlúù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ yá tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Zone 4, Àbújá, fi ń yẹ owó wò, kí ẹ tàn án sí i nínú òkùnkùn. Òwú ayé ijọ́un kì í tàn. Tuntun ló sábà máa ń tàn búlúù-funfun. Bó bá sì tàn, ó lè jẹ́ ríbọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ní ti owó onírin, èyí tó níhò láàárín, tí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yí ihò náà ká, kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì tàbí ọ̀níní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣílè tàbí ṣílè méjì ni èyí tó ní igi ọ̀pẹ. Ti 1913 sí 1919 jẹ́ fàdákà, 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. Bí ẹ bá rí fàdákà ńlá tí obìnrin sísanra wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú 1780, ẹ má tíì pa màlúù: ọdún kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ sí i lára títí di ayé òde òní, òun ni wọ́n sì ń ná kiri Òkè Ọya nígbà kan.

Omi nìkan ni mo fi ń fọ èyí tí wọ́n hú nílẹ̀ báyìí, omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì mọ́tò, torí omi kànga lè ní iyọ̀. Ẹ ṣọ́ra ṣá o: rewáyà kan ti ta ásíìdì fún mi rí, òórùn rẹ̀ ló kó mi yọ. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ títí iyẹ̀pẹ̀ á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ pákò títí ẹnu rẹ̀ á fi rọ̀, kí ẹ ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi yọ iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò. Igi kì í ha irin. Ẹ fi aṣọ òwú nù ún gbẹ, kí ẹ kó o sínú ike pẹ̀lú àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Àwọ̀ dúdú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọta yẹn ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ pe ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá sì hú amọ̀ sísun tó ní ojú àti imú, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ìpínlẹ̀ Kaduna kan náà ni Zaria wà pẹ̀lú Nok, níbi tí wọ́n ti rí ère amọ̀ àtijọ́, a sì rí orí amọ̀ kan ní Jemaa tí àgbẹ̀ kan ti fi ṣe aṣọ́ko nínú oko iṣu kí wọ́n tó gbé e lọ Jos. Òfin 1979 fún yín ní ọjọ́ méje láti lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ìràwọ̀ náà nínú oòrùn àárọ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ohunkóhun tí ẹ bá rí lábẹ́ rẹ̀ nínú àpótí.