Híítà tó ń fa ámpù 4: óòmù mélòó, wáàtì mélòó?

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ láti Tanke. O ní híítà omi rẹ ń fa ámpù 4 (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà) nígbà tí iná wà ní fólìtì 200 (agbára tó ń ti iná náà), o fẹ́ mọ óòmù (bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó) àti wáàtì (bó ṣe ń jẹ iná tó) rẹ̀, àti bóyá jẹnẹrétọ̀ kékeré oníwáàtì 900 á gbé e. Fi ámpù pín fólìtì: óòmù 50. 200 lọ́nà 4: wáàtì 800. Ìyẹn ò le.

Ibi tó le ni ohun tí ojú mi rí nílé mi ní Òmù-Àrán. Pọ́ǹpù kànga mi jóná. A ra òmíràn, òun náà ń gbóná, ó ń kùn, omi ò gòkè. Oníṣẹ́ iná ní kí n tún ra míì. Ẹni tí ọ́fíìsì iná rán wá ò tilẹ̀ yọ mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lápò. Ó gbójú sókè wo òpó, ó ní iná mi dáa, ó gba owó ọkọ̀, ó lọ. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, omi la ń rà ní garawa garawa.

Ìgbà tí mo yá mítà ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Níbi tí iná ti wọlé, fólìtì 204. Lẹ́nu pọ́ǹpù, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, 180. Ámpù 8 ló ń gba inú wáyà kọjá. Fólìtì 24 ti sọnù sọ́nà! Fi 8 pín in: wáyà nìkan ti gba óòmù 3. 24 lọ́nà 8: wáàtì 192 ń di ooru lásán, èmi ni mo sì ń sanwó rẹ̀. Mo fọwọ́ kan wáyà náà níbi tó ti yọ lára ògiri, ó gbóná, rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kọ́pà inú rẹ̀ ò tó nǹkan. A fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, omi gòkè. Bí pọ́ǹpù ò bá sì ṣiṣẹ́ lásìkò tí o ń wọ̀n ọ́n, 204 ni wàá rí níbi méjèèjì, torí kọ́rẹ́ńtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú wáyà, ò lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó gbowó iṣẹ́ ló yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ṣì ń bí mi.

Mítà tó ń gbá wáyà mú, wáyà kan ṣoṣo ni kó gbá mú. Bó bá gbá méjèèjì pọ̀, òdo ló máa kọ. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ wáyà láti fi ka ámpù, má ṣe kì í bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì láé, yóò bú gbàmù. Óòmù ńkọ́? Yọ nǹkan náà kúrò lára iná kó o tó wọ̀n ọ́n. Má sì fi ìṣirò híítà ṣe ti pọ́ǹpù: fólìtì lọ́nà ámpù máa ń ju wáàtì tí pọ́ǹpù ń jẹ gan-an lọ.

Bí iná bá wálẹ̀ sí 100 lálẹ́, ámpù 2 ni híítà rẹ á fà, wáàtì 200 péré. Omi ò ní tètè hó, ṣùgbọ́n híítà ò bàjẹ́; má san owó àtúnṣe fún ẹnikẹ́ni.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn, rárá. Fólìtì 230 ló máa gbé jáde, kì í ṣe 200. Óòmù 50 yẹn ṣì wà níbẹ̀, ámpù á di 4.6, wáàtì á di 1,058. 900 ò lè gbé e.