Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ooru Wà Lábẹ́ Ilẹ̀?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ mi tó wà ní iléèwé gíga sọ fún mi pé ooru abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná ní Kẹ́ńyà, àti pé kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó gbẹ́ kànga, wọ́n lè kọ́kọ́ mi ilẹ̀ láti fi mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo rò pé àwàdà ni. Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé a kò lè ṣe é ní Èkó, kí etí wa sinmi lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀? Ìyá Ìbejì, Èbúté Mẹ́ta.

Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, mà. Ní Olkaria, nítòsí adágún Naivasha, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1981 pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 15. Lónìí, iná tí wọ́n ń rí láti inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ ìdajì gbogbo iná tí Kẹ́ńyà ń ṣe jáde. Ṣùgbọ́n kànga kan ṣoṣo tí èéfín omi gbígbóná ń gbà jáde lè jìn tó kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta, mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n sì ń ná lé e lórí, nítorí náà ẹni tó bá gbẹ́ ẹ síbi tí kò yẹ ti kó owó sómi.

Ẹ ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi ìka kan ìkòkò amọ̀ lọ́jà kí wọ́n tó sanwó, tí wọ́n á sì fi etí mọ èyí tó ti sán. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń ṣe kò jìnnà sí i. Ọkọ̀ ńlá kan yóò sọ irin pẹrẹsẹ kalẹ̀, yóò fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa mi ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, láti orí mímì jẹ́jẹ́ títí dé orí èyí tó yára bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta bá ń ṣiṣẹ́. Níbi tí ọkọ̀ kò bá lè dé, wọ́n a máa lo àdó olóró kékeré nínú ihò. Ìgbì tó wọlẹ̀ yóò máa lọ sísàlẹ̀, ní ibikíbi tí irú òkúta bá sì ti yí padà, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò padà wá sókè. Àwọn irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n tò káàkiri, tí wọ́n ń pè ní jíófóònù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi gún un mọ́lẹ̀ àti òòfà pẹ̀lú wáyà wíwé nínú, ni yóò gbọ́ ọ. Wọ́n ń ka àkókò ìpadàbọ̀ yẹn dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kọ̀ǹpútà yóò sì fi ṣírò bí ilẹ̀ ṣe tò léra.

Oríṣi ìgbì méjì ló ṣe pàtàkì jù. Ti àkọ́kọ́ ń tì, ó sì ń fà síwá sẹ́yìn. Ó máa ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, ó sì máa ń lé ní 5,000 nínú akọ òkúta líle. Èkejì ń mì sí ẹ̀gbẹ́, kò sì lè gba inú ohun olómi kọjá rárá. Ibi tí adùn ọ̀rọ̀ náà wà nìyí: bí èéfín omi gbígbóná bá gba ipò omi nínú àwọn sánsán àpáta, ìgbì àkọ́kọ́ yóò falẹ̀, ṣùgbọ́n èkejì kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí ara àpáta fúnra rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ẹni tó bá fi eré méjèèjì wéra lè fura pé èéfín ló wà níbẹ̀, kì í ṣe omi.

Síbẹ̀, àwòrán yìí kò fi ooru han ẹnikẹ́ni. Ìrísí àpáta, ibi tó ti ya, àti ohun tó ṣeé ṣe kó kún inú rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn. Ní Krafla ní Iceland, ní ọdún 2009, wọ́n ń gbẹ́ kànga tí wọ́n pinnu pé yóò jìn tó mítà 4,500, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí mítà 2,100 ni wọ́n bá àpáta yíyọ́ pàdé, iná inú ilẹ̀ gan-an, tí wíwọ̀n tí wọ́n ti ṣe ṣáájú kò fi hàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń gba iná mànàmáná kọjá pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń wá omi bọ́ọ̀hóòlù nílùú wa ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìgbì nìkan ti tó, ọjà ló ń tà.

Ní ti Èkó, iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ ni a ń gbé lé lórí. Kò sí òkè ayọnáyèéfín nítòsí wa bíi ti Kẹ́ńyà. Níbi tí irú òkè bẹ́ẹ̀ kò sí, ooru ilẹ̀ sábà máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì 25 sí 30 lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi gbígbóná irú èyí ni wọ́n ń fà jáde láti inú òkúta ẹfun lábẹ́ ìlú Munich ní Jámánì, níbi tí àwọn ọkọ̀ amilẹ̀ ti la àárín ìgboro kọjá láàárín ọdún 2015 sí 2016, kí wọ́n lè fi mú ilé móoru. Ta ló fẹ́ kí wọ́n mú ilé òun móoru ní Èbúté Mẹ́ta? Ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀ yín, mà.

Mo gbọ́ pé iṣẹ́ yìí ti fa ìmìtìtì ilẹ̀ níbì kan. Ṣé mímì tí wọ́n ń mi ilẹ̀ yẹn ló fà á? Olùkà kan, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Rárá o. Mímì ọkọ̀ yẹn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Fífi agbára ńlá rọ omi sínú àpáta gbígbóná kí ó lè ya ló léwu. Ní Basel ní Switzerland, ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n rí i pé ilẹ̀ ti ń mì ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì dá omi dúró. Síbẹ̀, ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìmìtìtì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.4 ṣẹlẹ̀. Wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní ọdún 2009. Ti Pohang ní Gúúsù Kòríà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 5.5 ni, ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ ní ọdún 2019 pé omi tí wọ́n rọ sílẹ̀ ló ru ojú ibi tí àpáta ti ya tẹ́lẹ̀ sókè, ibi tí wọn kò mọ̀ pé ó wà kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá jẹ́ aláṣẹ, n kò ní fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn irinṣẹ́ tó ń gbọ́ ilẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ṣáájú, tí wọn yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá parí.

Ṣé ariwo Èkó kò ní ba irú wíwọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́, Akọ́kà.

Yóò dí ẹni tó bá fẹ́ lo ọkọ̀ amilẹ̀ lọ́wọ́, òru ni yóò sì dára jù fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tó fẹ́ràn ariwo. Bí ẹ bá gbé abọ́ omi kalẹ̀ nítòsí ojú irin ní Òyìngbò nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, ẹ ó rí i tí ojú omi ń gbọ̀n wìrìwìrì. Ìgbì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú èyí tí òkun ń fi lu etíkun tọ̀sán tòru, ń rin inú ilẹ̀ lọ. Bí irinṣẹ́ méjì bá gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n lè fi ohun tí méjèèjì gbọ́ wéra, kí wọ́n sì mọ bí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ṣe le tó. Kódà, wáyà onígíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ṣeé lò: wọ́n á tan iná lésà sínú rẹ̀, wọ́n á sì ka bí ìmọ́lẹ̀ tó ń padà ṣe ń yí nígbà tí ilẹ̀ bá fa wáyà náà. Wọ́n ti ri irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́ inú kànga ooru ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà.