Wọ́n ní abstract ni, àmọ́ mo rí obìnrin nínú ẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Mo fẹ́ ra àwòrán kan sí pálọ̀, ẹni tó ń tà á ní abstract ni, pé torí ẹ̀ lowó ẹ̀ ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó dáadáa mo rí obìnrin tó gbé igbá lérí níbẹ̀, ọrùn ẹ̀ gùn gbọọrọ, kò lójú kò nímú. Ṣé abstract náà nìyẹn, àbí ọkùnrin yìí fẹ́ gbá mi? Kí gan-an ni ìyàtọ̀ ẹ̀ sí figurative? — Ìyá Tọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé mà, ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi gan-an. Figurative ni àwòrán yín o. Tójú yín bá ti lè mú èèyàn, ẹran, igi tàbí ilé níbẹ̀, figurative ni, bí ọrùn ẹ̀ bá tiẹ̀ gùn kan àjà. Ẹni tó yà á kàn mú èyí tó wù ú ni, ó fi ìyókù sílẹ̀, àwọn tó ń ta àwòrán sì máa ń pe gbogbo nǹkan tí kò bá ti jọ fọ́tò ní abstract. Abstract gidi ò ní nǹkan kan tẹ́ ẹ lè nàka sí, àwọ̀, ìlà, àti bí wọ́n ṣe fi ọ̀dà lé e lẹ máa bá ńbẹ̀.

Méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Piet Mondrian, ará Holland, igi ló ń yà tẹ́lẹ̀, igi tó lẹ́ka dáadáa. Nígbà tó di 1911 ẹ̀ka yẹn ti ń di ìlà ìlà, nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1921 kò sígi mọ́, ó ku ìlà dúdú, pupa, yẹ́lò àti búlúù.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó ni abstract o! Lọ́dún 1938 tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀, wọ́n bá àwọn orí idẹ tó jọ èèyàn bí ẹni máa sọ̀rọ̀, ètè kún, ìlà wẹẹrẹ wẹẹrẹ wà lójú òmíràn látòkè dé àgbọ̀n. Ní Àbírí nítòsí Ifẹ̀ náà wọ́n rí orí amọ̀ tó jọ èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bá àwọn míì pẹ̀lú ẹ̀ tó kàn rí ṣóńṣó, ojú àtẹnu tí wọ́n fàmì sí lásán. Ẹ rò ó wò, àwọn tó mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ ètè tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi Rowland Abiodun ní ọ̀rọ̀ orí òde àti orí inú ló wà ńbẹ̀: orí òde lójú, orí inú lẹnì kan ò rí. Ẹ tún wo ìbọrí, awọ tó ṣe ṣóńṣó tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára yíká, kò lójú kò lẹ́nu, síbẹ̀ orí ẹni ni. Abstract nìyẹn, tipẹ́tipẹ́ kí Mondrian tó dáyé.

Ti owó ẹ̀ wá, orúkọ tí wọ́n pè é kọ́ ló ń gbówó lé e. Ẹ wo Tutu, àwòrán tí Ben Enwonwu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, yà lọ́dún 1974, ọmọọba Ifẹ̀ ló yà síbẹ̀, ojú, imú, ẹnu ló pé síbẹ̀, wọ́n sì tà á ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ ní London ní 2018. Ẹ bi ọkùnrin yẹn ẹni tó ya tiyín, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá orúkọ àti ọdún wà ńbẹ̀, kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà.