Ṣé Napoleon Ló Gba Pólándì Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè Pólándì. Ẹnì kan ní orúkọ Bonaparte wà nínú ẹ̀. Kí ló kan ará Faransé nínú orin wọn? Ṣé òun ló gbà wọ́n lọ́wọ́ amúnisìn ni?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ẹni yẹn sọ, ọmọ mi, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Dąbrowski ni ègbè orin yẹn ń ké pè. Ọ̀gágun Pólándì ni Jan Henryk Dąbrowski. Alájọṣe rẹ̀, Józef Wybicki, ló kọ orin náà ní Ítálì lọ́dún 1797. Nígbà yẹn, Rọ́ṣíà, Pùrúṣíà (ìjọba àwọn ará Jámánì kan) àti Ọ́síríà ti pín ilẹ̀ Pólándì láàárín ara wọn tán. Pùrúṣíà ló mú Poznań, ìlú Pólándì kan, láti 1793.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1806, Napoleon Bonaparte, ọba Faransé, lu Pùrúṣíà bí ẹni lu bàrà lójú ogun ní Jena. Ó wá pe Dąbrowski àti Wybicki sí Berlin, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn èèyàn wọn. Ohun tó ní kí wọ́n sọ ṣì ń bí mi nínú: òun á wò ó bóyá wọ́n yẹ ní orílẹ̀-èdè. Ta ló fi í ṣe adájọ́? Síbẹ̀ wọ́n dìde. Àwọn méjèèjì wọ Poznań ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá. Ní Kalisz, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló gba ohun ìjà lọ́wọ́ ọmọ ogun Pùrúṣíà. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 1807, Dąbrowski ti kó ogun tuntun lọ gba Tczew. Ó tiẹ̀ fara gbọgbẹ́ níbẹ̀.

Kí ni wọ́n rí gbà? Nínú àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Tilsit lọ́dún 1807, Napoleon gé ilẹ̀ kékeré kan fún wọn, ó fi orúkọ Warsaw pè é, kò jẹ́ kó jẹ́ Pólándì, ó sì fi ọba Saxony jẹ lé wọn lórí. Ó dá àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú.

Tadeusz Kościuszko, tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ọdún 1794, ti fura. Ó ní òun ò bá wọn ṣe àfi tí Napoleon bá ṣèlérí ìjọba bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ fún àgbẹ̀, àti ààlà láti Riga dé Odessa. Napoleon ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ní 1815, Poznań padà sọ́wọ́ Pùrúṣíà.