Ọ̀pá Lọ́wọ́ Àgbà Ìlú: Ṣé Àṣà Ló Sọ Ọ́ Di Ìtìjú?

Obìnrin kan láti Ilé-Ifẹ̀ ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Mo gé e kúrú: "Olóyè ni Bàbá wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ní Ifẹ̀. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Dókítà ní kí wọ́n máa lo ọ̀pá, kí wọ́n sì máa jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ bí ọ̀nà bá jìn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní olóyè kì í jẹ́ kí ìlú rí àìlera òun. Láti ìgbà náà, wọn ò lọ sí ìpàdé mọ́, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni àṣà wa sọ bẹ́ẹ̀? Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a tún ń gbàdúrà pé ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́, ẹ ó tẹ̀pá?"

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, mà. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Àṣà Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá ti ṣẹ̀, torí nǹkan kan wà nínú ìṣe wa tó jọ ọ́, n ó sì dé orí rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àdúrà yẹn.

Ta la máa ń ṣe é fún? Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ la ń ṣe é fún. Ìyàwó tuntun la ń ṣe é fún. Ẹni tí eegun rẹ̀ ṣì le koko, tó lè rìn láti Lágere dé Ẹnuwá kó má mí hẹlẹ, òun la ń fẹnu gbé ọ̀pá lé lọ́wọ́, tí gbogbo ilé ń dáhùn pé "Àṣẹ". N ò tíì rí ẹni tó bínú sí i. Ẹni tó kú ní rèwerèwe kì í ráyè tẹ̀pá. Àwọn tó rí àbíkú, tí wọ́n rí ogun, tí wọ́n rí ṣọ̀pọ̀ná ló fi àdúrà yìí lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì mọ iye ọmọ tí kò débẹ̀. Ṣé ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá ń lọ? Ẹ ṣí Bíbélì sí ìwé Sekaráyà, orí 8, ẹsẹ 4, kí ẹ kà á sí wọn létí. Nígbà tí Ọlọ́run ń sọ bí ìlú tí àlàáfíà ti padà sí yóò ṣe rí, ohun tó ní a ó rí níbẹ̀ ni àwọn arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ nítorí ọjọ́ orí. Ìgboro ló sì ní wọn yóò wà, kò ní inú yàrá.

Ọmọ Ifẹ̀ sì ni Bàbá. Kí ló dúró ní Mọ̀ọ́pá tí gbogbo àlejò ń wá wò? Ọ̀pá Ọ̀rányàn ni, òkúta gíga tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé nígbà tí Ọ̀rányàn dàgbà tán, ó wọlẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé bí ogun bá dé, kí wọ́n ké pe òun. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ké pè é nígbà tí kò sógun. Ó jáde pẹ̀lú ìbínú, ó sì ti pa nínú àwọn èèyàn rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ará ilé ni wọ́n. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Akínkanjú ni, jagunjagun ni, ọ̀pá rẹ̀ ni ìlú sì fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ìlú tó ń fi ọ̀pá yangàn báyìí, báwo ló ṣe máa sọ fún olóyè rẹ̀ pé kó tijú ọ̀pá?

Èyí tó tún ṣe pàtàkì sí mi ju ìyẹn lọ ni ti Ọbàtálá. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, arúgbó la máa ń rí: aṣọ àlà, irun funfun, ọ̀pá òṣooro lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé, Òrìṣà arúgbó yìí ṣì máa ń jó ní ìtẹríba, á fara ti ọ̀pá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí ẹni tó ń kán an lójú.

Ìtàn kan wà nípa ìrìnàjò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ṣàngó. Ifá ti kìlọ̀ pé ọ̀nà náà kò dára, pé bó bá máa lọ, kó ní sùúrù, kó má sì ráhùn. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gbọ̀nà. Èṣù pàdé rẹ̀, ó da epo pupa sí i lára, ẹni tí kì í wọ ohun tí kò funfun. Ó wẹ̀, ó tún ń lọ. Nígbà tó sún mọ́ ìlú, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó já. Ó mú un kó lè dá a padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọ́n rí arúgbó kan tó wọ aṣọ ìdọ̀tí, tó di okùn ẹṣin ọba mú. Wọ́n pè é lólè, wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni òjò ti dáwọ́ dúró, oko ò so, obìnrin ò bímọ. Ìgbà tí Ṣàngó ránṣẹ́ sí Ifá ni wọ́n tó sọ fún un pé arúgbó aláìṣẹ̀ kan wà ní àtìmọ́lé rẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ló lọ mú un jáde. Wọ́n pọnmi wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ àlà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ẹ sọ ìtàn yìí fún Bàbá bí ẹ bá jókòó tì wọ́n. Ìlú tó rí arúgbó tó ń wọ́sẹ̀, tó sì kà á sí ẹni yẹpẹrẹ, ìlú náà ló jìyà.

Ọbàtálá kan náà ló mọ arọ, abuké àti afín, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òòṣà. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé a kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ó wá ku ibi tí Bàbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé nígbà tí àwọn afọbajẹ bá ń yẹ ọmọ oyè wò, wọ́n máa ń wo ara rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, wọn kì í fi ẹni tó ní àléébù lára jọba. N ò ní bò ó mọ́lẹ̀, n ò sì ní sọ pé ó dára: ó dùn mí pé ẹni tí a pè ní ẹni òòṣà la tún ń lé kúrò nídìí oyè nítorí ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìgbà tí èèwọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yíyan ni. Ẹni tó ti joyè, tí ogbó wá bá a lórí oyè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí gorí ìtẹ́ ní 1930, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1980 tí wọ́n wàjà ní ẹni 90 ọdún. Ní Iléṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Ọwá Adékúnlé Arómọláràn jọba láti 1982 títí di 2024, ẹni ọdún 86 ni wọ́n nígbà tí wọ́n wàjà. A kì í fi oyè tọrọ ara ọ̀dọ́. A máa ń kan sáárá sí ọba pé ó pẹ́ lórí ìtẹ́, ṣé a wá retí pé kí ara má pẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ni?

Òótọ́ kejì ni pé a máa ń panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ara ọba. Ẹ rántí oṣù Keje 2015, nígbà tí ìròyìn gbòde pé Ọọ̀ni Okùnadé Síjúwadé ti wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn olóyè ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó kéde rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ètò wà lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ ọba ò gbọdọ̀ já sí ìgboro kí a tó ṣe ohun tó yẹ. Ikú ọba ni ìyẹn o. Orúnkún olóyè kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó ń lé àgbà wọlé gan-an, bí ẹ bá bi mí, ẹnu ayé ni. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin kan ń tiro lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, wọ́n ti ní "ó ti tẹ nǹkan". Bó bá lówó, wọ́n á ní owó náà ló ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá wà nínú òṣèlú, wọ́n á ní àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti mú un. Bó bá jẹ́ ìyá arúgbó, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa ń sọ ọ́, n ò ní kọ ọ́ síbí. Olóyè tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ẹlòmíràn fún ogójì ọdún, tí òun náà bóyá ti dá sí i rí, báwo ló ṣe máa gbé ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde kó má wò ó pé gbogbo ojú ń bi òun pé ta ló ṣe é? Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun orúnkún ló ti jẹ tán, tí eegun ń ha eegun. Ó ń ṣe wòlíì, ó ń ṣe ààfáà, ó ń ṣe babaláwo. Ẹ jẹ́ kí dókítà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ lójú àwọn mọ̀lẹ́bí, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ gbọ́ ọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń fi ẹsẹ̀ pamọ́. Franklin Roosevelt ti Amẹ́ríkà ní àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní 1921. Ó jẹ́ ààrẹ láti 1933 títí tó fi kú ní 1945, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dìbò yàn án, síbẹ̀ wọ́n rí i dájú pé agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi máa rí àwòrán rẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ó di 2001 kí wọ́n tó gbé ère rẹ̀ tó jókòó sórí àga náà kedere sí ibi ìrántí rẹ̀ ní Washington. Póòpù Francis kò fi tirẹ̀ pamọ́. Láti 2022 títí tó fi kú ní 2025 ni ayé ń rí i lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ pé orí àti ọkàn la fi ń ṣàkóso ìjọ, kì í ṣe ẹsẹ̀. Nílé níbí, Ààrẹ Tinubu fẹsẹ̀ kọ, ó sì ṣubú bó ṣe ń gun ọkọ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2024. Àwọn èèyàn fi fídíò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ní ọmọ Yorùbá ni òun, dọ̀bálẹ̀ ni òun ń ṣe. Ẹ jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tàbí ẹ kì í ṣe é, ọ̀rọ̀ yẹn pa ẹnu ọ̀pọ̀ mọ́ ju bí ìbínú ṣe lè pa á mọ́ lọ.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: bíbéèrè bóyá olórí ṣì lè ṣiṣẹ́ kì í ṣe àfojúdi. Nígbà tí Ààrẹ Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia ní oṣù Kọkànlá 2009, tí orílẹ̀-èdè kò rí i, tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti béèrè. Òfin Nàìjíríà pàápàá, ní abala 144, ṣètò pé kí dókítà márùn-ún yẹ ààrẹ wò bí ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ la ń béèrè níbẹ̀. Ẹni tó ń ronú dáadáa, tó ń dá ẹjọ́ tó tọ́, tó wá ń fi ọ̀pá wọ ìpàdé, kí la fẹ́ bi í?

Nípa Bàbá gan-an. Láyé àtijọ́, èjìká ọmọọmọ ni àgbà máa ń gbé ọwọ́ lé bó bá ń jáde, ìyẹn ò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Àwọn ọmọ ti wà l'Ékòó báyìí, àwọn mìíràn wà ní Kánádà. Ọ̀pá ló dípò èjìká yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá oyè ṣe ìtilẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ kò ṣe é gbá mú, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń yọ̀ lórí táìlì. Bí wọ́n bá fẹ́ ohun tó ní iyì, kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ọ̀pá igi tó dára fún wọn, kó fi rọ́bà bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rọ́bà náà bó bá ti jẹ. Bí wọ́n bá dúró tààrà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, tí ọwọ́ wọn rọ̀ sílẹ̀, orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ọrùn ọwọ́ wọn dọ́gba. Bó bá jẹ́ orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, ọwọ́ òsì ni kó di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì. Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí kò dùn wọ́n ni kó ṣáájú. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ṣáájú. Ìṣubú ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, torí egungun ìbàdí tó bá kán ní ọjọ́ ogbó lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́. Ẹ wá olóyè ẹgbẹ́ wọn kan, bó bá ṣeé ṣe ẹni tí òun náà ń lo ọ̀pá, kó wá kí wọn nílé. Kí àwọn méjèèjì jọ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sí ibi tí kò jìn.

Ẹ tún bi àwọn tó ni gbọ̀ngàn ìpàdé léèrè ọ̀nà pẹrẹsẹ tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé. Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá sì dé ní Ifẹ̀, kí ẹnìkan lọ wo ibi tí àwọn olóyè máa jókòó sí kí ọjọ́ tó pé. Bí àtẹ̀gùn bá wà níbẹ̀, ẹ bá àwọn tó ń to àga sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n fi ti Bàbá sí ìsàlẹ̀ níwájú.