Ètè ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀

Ẹ ní gbogbo lẹ́tà tó wà nínú gbólóhùn ni ẹ ya ẹnu fún, síbẹ̀ ẹnu ọmọ inú káátúùnù yín ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí òtútù ń mú, tó bá sì pẹ́ díẹ̀, ohùn á ti ṣáájú àwòrán. Ọ̀ràn méjì ni o. Lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ lé yẹn ló fa àkọ́kọ́, òun náà sì ni mo máa ń bá jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé wá pé kí n bá wọn tún ṣe.

Ẹnu kì í pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo fídíò ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ pa ohùn rẹ̀. K, g, t, d, l, r, inú ẹnu lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Fáwẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ojú ń rí. Nítorí náà, kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbé àgbọ̀n yín, kí ẹ sọ gbólóhùn náà bí òṣèré ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ibi tí àgbọ̀n bá ti tẹ ọwọ́ yín ni kí ẹ sàmì sí. Àgbọ̀n nìkan ni èmi máa ń kọ́kọ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹnu ṣí, ẹnu pa dé, kò sí eyín, kò sí ahọ́n. Bí ìyẹn kò bá tíì bá ohùn lọ, ètè tó rẹwà kò lè gbà á là.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ibi tí ètè ti ń pàdé: m, b, p àti gb. Èyí kò ní àwáwí. Àtẹ ìrísí ẹnu tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò mọ gb, àwọn èèyàn sì máa ń fi ẹnu g sí i. Ẹ pe "gbogbo" níwájú dígí, ẹ ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ètè pàdé. Ẹ tún pe "ń bọ̀": ètè ti pa dé látorí ń, kí b tó dé rárá. Ní ti "ọkàn", n tó wà níparí rẹ̀ kò ní ẹnu tirẹ̀. Imú ni fáwẹ̀lì náà gbà jáde, ẹnu ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ń ya lẹ́tà á ṣi gbogbo èyí yà.

Ní fírémù 24 (ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn) sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ètè tó pàdé fún fírémù kan ṣoṣo, ojú á fò ó. Méjì ni kó kéré jù. Bí ọ̀rọ̀ bá yá débi pé àyè kò sí, fáwẹ̀lì tó ṣáájú ni kí ẹ jí fírémù lára rẹ̀.

Àwọn tó kù rọrùn: f, ètè ìsàlẹ̀ kan eyín òkè; o, ọ, u, w, ètè ká jọ, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká kí ohùn tó jáde; i àti e, ẹnu fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ kò kan ètè: ẹnu kan náà ni "igbá" àti "ìgbà". Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, ẹ sún ẹnu síwájú ohùn ní fírémù kan tàbí méjì. Ojú máa ń gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ohùn bá ṣáájú ẹnu ni wọ́n ń mọ̀.

Ní ti ohùn tó ń sá lọ, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ yín má ní àbùkù kankan. Bí ẹ bá ń lo Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe káátúùnù, tí ẹ fi í sí Play Every Frame (kó má fo fírémù kankan), àwòrán tó wúwo á máa rá pálá nígbà tí ohùn ń lọ ní tirẹ̀. Ẹ yí i sí Sync to Audio, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di fídíò kékeré kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ rí i pé iye fírémù ibi tí ẹ ti ń yà á àti ibi tí ẹ ti ń tò ó pọ̀ bára mu. Ẹ má sì fi MP3 ṣiṣẹ́, ó máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ kún iwájú ohùn. WAV ni kí ẹ lò.

Rhubarb Lip Sync tí ẹ béèrè, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń yan ìrísí ẹnu fúnra rẹ̀, dáa fún ìpìlẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ yàn án sí phonetic, èyí tó ń tẹ̀ lé ìró láìwo èdè, torí Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń retí bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà fi ọwọ́ yín yẹ gbogbo ibi tí ètè ti pàdé wò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi àkókò tó bá ṣẹ́ kù ṣe ojú àti ìpéǹpéjú, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ń wò jù.